Mẹ́rin Lórí Ogún

Títí dòní, bí mo bá rí bíìkì ìkọ̀wé pupa lápò ẹ̀wù àgbàlagbà, inú máa ń bí mi. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì ní Dowa ló kó bá mi. Kò sí ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ wa gbá tí kì í wá. Yóò ṣí ìwé káyé rẹ̀ lé orúnkún, yóò sì máa fún wa ní nọ́ọ̀tì lórí ogún bí ọmọ ilé-ìwé. Bí a bá gbá a tán, yóò ka orúkọ ẹni tó yẹ kí wọ́n lé jáde, àti ti ẹni tó yẹ kí wọ́n lọ mú wá. Bí ẹnikẹ́ni bá fajú ro, á ní, "Iṣẹ́ ni mo ń wò, n kì í wo ojú."

Lọ́jọ́ kan, ó fún mi ní mẹ́rin lójú ìyá mi. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Ẹ wá ẹlòmíì." Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa ti kàwé, kò lè bá a jiyàn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti yọ orúkọ mi.

Ní báyìí, èmi ni mò ń yan agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà. Lóṣù tó kọjá, bàbá olùkọ́ náà mú ìwé wá fún mi, ojú ewé méjì, lórí bí a ṣe lè tún ẹgbẹ́ tò. Mo ní kó yá mi ní bíìkì rẹ̀. Mo kọ mẹ́rin lórí ogún sókè ìwé náà, mo sì dá a padà fún un níwájú gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù.

Ó tẹjú mọ́ òkè ìwé náà. "Mẹ́rin kẹ̀?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Iṣẹ́ ni mo ń wò, n kì í wo ojú."

Irọ́ ni. Iṣẹ́ náà tó mẹ́rìndínlógún. Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ mú géńdé gíga tí bàbá dárúkọ nínú ìwé náà wá láti Avrankou. Ojú bàbá nìkan ni mo wò tí mo fi fún un ní mẹ́rin.