Wáyà mẹ́rin tí Bàbá Ràṣí fi ṣe sípíà

Ẹ gbà mí o, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bú sáfà tí kò ṣẹ̀ mí!

Sáfà mẹ́ta, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá, ló ń tọ́jú fáìlì ilé iṣẹ́ wa ní Sango. Ohun tí a bá kọ sí ọ̀kan, àwọn méjì yòókù gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kó tó wọlé. Láti ọjọ́ Ajé, kí fáìlì kan tó wọlé, wàá ti mu tíì tán.

Láàárọ̀ yìí, ọ̀gá pariwo: "Yọ méjì kúrò, ká máa lo ọ̀kan!"

Mo rò ó wò: Tí ọ̀kan yẹn bá bàjẹ́ ńkọ́?

Mo yẹ̀ wọ́n wò, mo rí i pé sáfà kẹta ló ń falẹ̀, mo bá tọ ipa wáyà ẹ̀ dé sítọ̀. Lẹ́yìn páálí, mo rí tépù dúdú tí wọ́n fi so wáyà náà níbi tó ti gé. Mo pe Bàbá Ràṣí tó ń tún iná wa ṣe.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ so èyí?"

"Èmi ni. Fọ́kílífìtì tó ń gbé ẹrù ló gé e. Wáyà mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀. Mo so mẹ́rin, iná ara sáfà sì tàn. Mo fi mẹ́rin tó kù ṣe sípíà, tí èyí bá bàjẹ́."

Sípíà kẹ̀! Wáyà mẹ́rin dípò mẹ́jọ ni sáfà kẹta fi ń rákò, tí àwọn méjì yòókù ń dúró dè é.

Mo pààrọ̀ wáyà náà. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, fáìlì ti wọlé!

Bàbá rọra ní: "Ìyá mi, jọ̀ọ́, kọ́ mi lọ́la. Iná nìkan ni wọ́n kọ́ mi."

Bàbá yìí dàgbà ju bàbá mi lọ o. Mo ti gé wáyà tá a máa fi kọ́ṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ̀ ń bú níbi iṣẹ́ yín, tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ni?