Ọwọ́ Òsì Ṣìfáwù

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ṣakí. Mo kàwé eré ìdárayá ní yunifásítì, ṣùgbọ́n igbákejì ni wọ́n fi mí ṣe. Ọ̀gá mi ni ọkùnrin tí gbogbo ilé ìwé ń pè ní Kóòṣì.

Nínú eré rìléè, ọmọ mẹ́rin ní ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni àkọ́kọ́ á fi ọwọ́ ọ̀tún mú un wá, ẹnì kejì á fi òsì gbà á, á sì fi òsì náà fún ẹnì kẹta. Bí wọ́n ti ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn, kí wọ́n má baà tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀. Ṣìfáwù, ọmọ fọ́ọ̀mù tuu, ló ń sáré ṣìkejì. Bọ́lá, olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá gbégbá orókè nínú ìdíje tó ń bọ̀ ní Ìṣẹ́yìn, Ìbàdàn ló kàn, Ṣìfáwù ò sì dé Ìbàdàn rí.

Ìdíje ku ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí Kóòṣì fọn fèrè dá wa dúró.

"Ìwọ, ọwọ́ wo lo fi ń fún ẹ̀gbọ́n ẹ ní nǹkan yẹn?"

"Òsì ni, sà."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń fún àgbà ní nǹkan nílé yín nìyẹn? Ọ̀tún ni kó o fi fún un."

Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà.

Ṣìfáwù kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ pupa. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo bá pààrọ̀ ọwọ́, màá ní láti yà sẹ́yìn Sístà Bọ́lá. Màá tẹ gìgísẹ̀ wọn."

"Ẹnu ẹ yá ju ẹsẹ̀ ẹ lọ."

Bọ́lá ní, "Sà, kò dùn mí. Kó máa fi òsì fún mi."

"Ta ló bi ọ́?"

Mo bá Kóòṣì sọ ọ́ ní ọ́fíìsì. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Tíṣà, bí ọmọdé bá ń kọ́ wa níṣẹ́, kí la wá ń ṣe níbí?"

Ní Ìṣẹ́yìn, àwa la wà níwájú. Ṣìfáwù pààrọ̀ ọwọ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, ó yà sẹ́yìn Bọ́lá, ó tẹ̀ ẹ́ ní gìgísẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣubú lulẹ̀, ọ̀pá yí wọ inú koríko tí iná ti jó.

Kóòṣì ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Orúnkún Ṣìfáwù ń ṣẹ̀jẹ̀. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ohun tó bi í:

"Tó o bá mọ̀ pé kò ní ṣeé ṣe, kí ló dé tó ò sọ?"

Mo wo ojú ọkùnrin yìí dáadáa. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Kò rántí pé ọmọ náà sọ nǹkan kan.

Ṣìfáwù fi orúnkún tó ń ṣẹ̀jẹ̀ náà kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà."

Kóòṣì ò bínú. Èmi ni mo bínú. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, inú ọ̀hún ò tíì rọ̀.