Owó Abẹ́ Àga

Aránṣọ kan wà ní àdúgbò wa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ahun. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ló sọ ọ́ ní orúkọ náà, ó sì tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé fi rò pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Bí obìnrin yìí ṣe gbẹ̀san lára ẹni tó fún un lórúkọ ni mo fẹ́ sọ. N kò ní bù mọ́ ọn, n kò sì ní yọ níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà létí títì, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Aránṣọ ló kọ́kọ́ ń lò ó. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sórí abẹ́rẹ́, tábìlì tó fi ń gé aṣọ wà lẹ́yìn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀kan máa ń padà wá. Lásìkò yẹn, orí tábìlì lójú oòrùn ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti ń ta bàtà. Lọ́jọ́ kan, oníbàtà yìí gba ẹ̀yìn lọ bá bàbá onílé, ó fi owó lé iye tí aránṣọ ń san lóṣooṣù, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù náà. Kò sọ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀. Òwú ni aránṣọ lọ rà. Nígbà tó máa fi dé, ẹ̀rọ rẹ̀ ti wà níta nínú òjò, wọn kò tilẹ̀ fi nǹkan kan bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo fi ṣe yín?"

"O ò fi nǹkan kan ṣe mí, ìyàwó wa. Owó lo ò fẹ́ ná, bàbá onílé sì fẹ́ owó. Tètè gbé ẹ̀rọ ẹ kúrò níbẹ̀ kó má dípẹtà."

Ẹ̀rọ náà dípẹtà. Ọkọ aránṣọ, tó jẹ́ awakọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan, lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Orí ìdọ̀bálẹ̀ ló ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì dìde nílẹ̀. Aránṣọ kò sunkún. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọ pálọ̀, ó fi epo pa á, ó ń fi ọwọ́ yí ibi tí kò bá fẹ́ yí. Ṣùgbọ́n ó búra nínú ara rẹ̀ pé òun á padà sínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, oníbàtà á jáde fún òun, òun fúnra òun á sì ti ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yẹn mọ́ ọn síta.

Níbo wá ni owó á ti wá? Owó oṣù ọkọ kì í pẹ́ nílé: owó ilé, owó ilé-ìwé, owó iná, oúnjẹ. Èyí tí aránṣọ ń rí nídìí ẹ̀rọ tó dípẹtà, bàtà àwọn ọmọ àti ìwé wọn ló ń gbé e mì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ibi tí òun á ti yọ nǹkan kan.

Ọ̀tá rẹ̀ ló fi ibẹ̀ hàn án. Gbogbo ọ̀sán Àìkú ni oníbàtà máa ń wá kí àbúrò rẹ̀. Á jókòó sórí àga ńlá, ìyẹn èyí tí aṣọ rẹ̀ ti ya, á sì ní kí wọ́n bu tíì fún òun. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ife tí etí rẹ̀ ti já ni wọ́n fi bù ú wá.

"Àbúrò mi, ṣé báyìí ni ìyàwó ẹ ṣe ń tọ́jú ẹ? Ife tí ò létí! Ta ló gé e létí, àbí ó ṣẹ̀ yín ni?"

Nígbà tó lọ tán, ojú ti awakọ̀ débi pé kò lè wo ìyàwó rẹ̀. Ó yọ owó lápò. "Gbà, ra ife tuntun, kí ẹ̀gbọ́n mi má tún rí wa sọ."

Aránṣọ ti rìn dé ìdajì ọ̀nà ọjà kó tó dúró. Ife náà kò kúkú jò. Ó yí padà sílé, ó dojú àga ńlá dé, ó tú aṣọ ìdí rẹ̀, ó rán àpò kákí sínú rẹ̀ ní ìránpọ̀ méjì, ó sì dá aṣọ náà padà, ó wá ṣẹ́ ẹnu kékeré kan kù fún ọwọ́. Owó ife ló kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ní Àìkú tó tẹ̀ lé e, oníbàtà wá, ó jókòó lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú aṣọ fèrèsé.

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Oníbàtà á bú, ojú á ti awakọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á wọ àpò, owó á wọ abẹ́ àga. Awakọ̀ wà lára àwọn ọkùnrin tó jẹ́ pé tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà ti parí nìyẹn, wọn kì í béèrè ohun tí wọ́n fi rà. Tó bá sì béèrè, aránṣọ á ní ọjà ti gbówó lórí, kò sì parọ́, ọjà ń gbówó lórí lóòótọ́.

Mo bi í nígbà kan bóyá èébú náà kì í dùn ún. Ó ní ó ń dun òun gan-an. Ó ní tó bá ti fẹ́ pọ̀ jù, òun á kàn wo ìdí àga.

Ọdún ń yí lu ọdún. Nígbà tó yá, bàbá onílé kéde pé òun fẹ́ tún òrùlé ṣe: ẹni tó bá kọ́kọ́ mú owó ọdún mẹ́ta wá lẹ́ẹ̀kan ló ni ṣọ́ọ̀bù, oṣù tó ń bọ̀ ni ìparí. Oníbàtà kò tọ́jú kọ́bọ̀. Ó bá gba ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ lọ, pé kó yá owó fún òun nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹnu rẹ̀ ti di oyin.

"Ìyàwó wa àtàtà! Wo bó ṣe ń tàn yòò. Ife yìí gan-an, ó ti mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó ń yìn, ó ń yìn, owó kò sì wọ abẹ́ àga mọ́. Díẹ̀ péré ló kù kí owó aránṣọ pé. Awakọ̀ sì ti gbà: tó bá di ọjọ́ Ajé, òun á fọwọ́ síwèé ẹ̀yáwó. Bó bá fọwọ́ sí i, ilé wọn ló máa máa san án, ṣọ́ọ̀bù á sì di ti oníbàtà.

Ní Àìkú tó ṣẹ́kù yẹn, aránṣọ fi pẹ́ẹ̀gì sá àpò tíì tó ti lò sórí okùn aṣọ níwájú fèrèsé, kí ó lè gbẹ, kí wọ́n tún un lò. Oníbàtà rí i. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi," aránṣọ wí jẹ́jẹ́, "mo fẹ́ ra bàtà lọ́wọ́ yín."

"Ìyàwó wa gidi! Èwo lo fẹ́? Màá dín in kù fún ẹ."

"Ẹsẹ̀ òsì ni."

"Báwo ni ẹsẹ̀ òsì?"

"Òsì nìkan ló já nínú tèmi, ọ̀tún ṣì le dáadáa. Ẹ ta òsì fún mi ní ìdajì owó. Ẹ ó ṣáà rí ẹlòmíì tí ọ̀tún tiẹ̀ já."

Oníbàtà la ẹnu, ó pa á dé. Ó rántí owó tó wá gbà. "A kì í ta ẹsẹ̀ kan, ìyàwó wa."

"Ká sọ tòótọ́, ẹ̀gbọ́n mi, bí bàtà yín ṣe ń tètè já yẹn, ìdajì owó tó fún ẹsẹ̀ méjèèjì."

Ibẹ̀ ni oyin ti tán.

"Ahun! Ahun paraku! Èmi lo ń sọ fún pé bàtà mi ń já? Ìwọ tó ń sá tíì sóòrùn bí aṣọ! Ife ò létí, fèrèsé ò láṣọ gidi, àga yìí ńkọ́?" Ó gbá àga náà lábàrá. Owó ẹyọ abẹ́ rẹ̀ dún ṣín-ín. "Ẹ gbọ́ ọ! Sípíríǹgì ẹ̀ gan-an ti já! O ti sọ àbúrò mi di alágbe!"

Ó bínú jáde, ó gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó. Awakọ̀ wọ yàrá, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Owó tó kó wá pọ̀ ju ti gbogbo ìgbà lọ.

"Ra ife. Ra bàtà, ẹsẹ̀ méjèèjì. Fi aṣọ àti sípíríǹgì tuntun sí àga yìí. Mo bẹ̀ ẹ́, kí ojú má tì mí mọ́."

Aránṣọ gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ó tú ìdí àga, ó sì kó owó lọ bá bàbá onílé.

"Owó ẹyọ ti pọ̀ jù nínú eléyìí, ìyàwó."

"Ṣé kì í ṣe owó ni, bàbá?"

Owó ni. Owó náà pé.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, awakọ̀ ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó páálí bàtà síta, òógùn bò ó. Oníbàtà dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló fún ẹ lówó? Mo ní ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá bú mi ni àbúrò yín ń sanwó ẹ̀. Orí owó náà gan-an lẹ máa ń jókòó sí."

Awakọ̀ rọra jókòó lórí páálí kan. "Gbogbo owó ife yẹn?"

"Gbogbo ẹ̀, bàbá àwọn ọmọ mi."

"Àga ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ san owó àga."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí òjò fi ṣú. Aránṣọ wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé tapólì kan jáde. Oníbàtà na ọwọ́.

"Ìyàwó wa, tètè bá mi fi bò wọ́n."

"Títà ni, ẹ̀gbọ́n mi." Ó sì dá iye rẹ̀.

"Ahun! Tapólì lásán-làsàn! Ahun!"

Kí awakọ̀ tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ ti wọ àpò. Ó dúró síbẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Àpò ni ìyàwó rẹ̀ ń wò. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sórí páálí, èkejì tẹ̀ lé e. Awakọ̀ yọ owó náà.

Aránṣọ kà á, ó fún un ní ṣéńjì rẹ̀ pé. Ó na tapólì bo àwọn bàtà, ó fà á ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí omi má ríbi wọlé, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ jákujàku. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé náà mọ́ wọn síta.