Ọjọ́ Tí Màmá Mi Jókòó Lé Kànga

Òórùn kẹrosíìnì ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Màmá mi ti gbé ìkòkò tá a fi ń se ẹran Iléyá ka orí sítóòfù, omi lásán ló sì ń hó nínú rẹ̀. Mo bi wọ́n pé àlejò wo ló ń bọ̀. Wọ́n kàn dé ìkòkò náà ni.

Kétu là ń gbé nígbà náà, nínú ilé tí yàrá kọjú síra wọn, kànga kan ṣoṣo ni gbogbo ilé sì ń fà. Lásìkò òjò ni Bàbá Mùtíù tó ń ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Mile 12 bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí ìgbẹ́ ń ya á bí omi. Onígbáméjì ni. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ìyàwó rẹ̀ sì bá a lọ. Nílé wa, tí àìsàn bá dá ẹnì kan gúnlẹ̀, àwọn obìnrin ilé ló máa ń pín aṣọ rẹ̀ fọ̀. Wọ́n pín in lóòótọ́, màmá mi náà mú ọṣẹ wá. Etí kànga ni wọ́n ti fọ̀ ọ́, tí wọ́n ń ṣàdúrà fún un. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é.

Kò pẹ́ tó fi kan Sẹ̀míyù, ọmọ yàrá kejì wa. Ìgbà náà ni màmá mi lọ wo etí kànga, wọ́n sì rí ibi tí símẹ́ǹtì ti là, tí omi ìfọṣọ ń gbà padà sínú.

"Omi tá a fi fọ aṣọ ẹ̀ la tún ń mu," ni wọ́n sọ jẹ́ẹ́.

Nígbà tí màá fi bọ́jú tán láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń se omi yẹn, wọ́n ti dé kànga, wọ́n sì ti jókòó lé e. Ẹnì kan ní ọmọ òun ò tí ì wẹ̀, iléèwé sì ti yá. Màmá mi ní kó lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìrun ọ̀sán tó, Alhaji onílé dé pẹ̀lú búútà wọn.

"Ìyá Kúdí, kànga ta lẹ jókòó lé?"

"Kànga yín ni, Alhaji. Ṣùgbọ́n ó ń pa wá."

Alhaji ní ká máa wá ilé míì. A ò sì níbi tá a lè lọ. Màmá mi ò dìde. Wọ́n ní kí n bu omi tí wọ́n ti sè, tó ti tutù, sínú búútà Alhaji, kí wọ́n fi ṣe àlùwàlá. Alhaji wo omi náà títí, wọ́n wo màmá mi, wọ́n wá ká ọwọ́ aṣọ wọn sókè. Lẹ́yìn ìrun, àwọn fúnra wọn ló lọ pe bíríkìlà wá dí ibi tó là. Sẹ̀míyù gbádùn, Bàbá Mùtíù náà padà wálé.

Gbàgádà ni mò ń gbé báyìí. Mo mọ orúkọ kòkòrò tó ń fa onígbáméjì, èyí tí màmá mi ò mọ̀. Tí mo bá gbọ́ pé ó ti wọ àdúgbò kejì, mo máa ń se omi àwọn ọmọ mi, mo sì máa ń ti géètì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé gbogbo ìyá ló lè jókòó lé kànga onílé. Èmi náà ti dìyá ọmọ báyìí, mo sì ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wa ló lè ṣe é.