Ìyá Asáré àti Ọkọ̀ Rẹ̀ Mẹ́ta

Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ olóògbé Ìyá Asáré, ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ tó wọnú ọkọ̀ pupa lágbàlá ọlọ́jà ọkọ̀, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, tí kò sì jáde títí wọ́n fi ná ọjà parí.

Agbẹ̀bí ni, nílé ìgbẹ̀bí tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó kúrú, ó sanra díẹ̀, ó sì ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Aṣọ iṣẹ́ funfun ló wọ̀ lọ, àpò iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́. Ọkọ̀ tó wá wò kì í ṣe irú èyí tí obìnrin ọjọ́ orí rẹ̀ ń wá kiri. Ọkọ̀ asáré oníjòkòó méjì ni, ó gùn nímú, ó sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti lò ó, ṣùgbọ́n kò tíì lò ó gbó. Ọlọ́jà pe iye rẹ̀. Ìyá Asáré mi orí.

"Mo gbọ́," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó sínú ẹ̀ ná, kí n lè mọ ohun tí mò ń gbọ́."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn pa látinú. Ó wá yí gíláàsì wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, ó gba ibẹ̀ ná an ní nǹkan tí kò tó ìdajì. Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, ó ní kí Mọ́mì máa sinmi níbẹ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sán, kò rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí Mọ́mì ń sinmi lóòótọ́. Ó ti bọ́ bàtà. Ó ti yọ búrẹ́dì àti omi nínú àpò. Fìlà ọmọ tuntun tó ń hun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Àwọn oníbàárà méjì wá wo ọkọ̀ náà. Ìyá Asáré kí wọn dáadáa láti ojú gíláàsì, ó ní ó dun òun fún wọn, wọ́n ti tà á. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó yíjú sí ọlọ́jà. "Ẹ ò rí i pé ọjà yìí ò yá," ló wí. "Ẹ dín in."

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó ọlọ́jà gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ wá. Bó ṣe yọjú wo inú ọkọ̀, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ṣé ẹ ò dá wọn mọ̀ ni? Àwọn ni wọ́n gbẹ̀bí gbogbo ọmọ wa."

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó ní kí Mọ́mì máa mú ọkọ̀ lọ ní iyekíye tó bá wù wọ́n. Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Asáré tó bínú.

"Ta ló bẹ̀ yín?" ló béèrè. "Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ là ń sọ, ẹ má kó ọmọ sí i. Ìjọba ti sanwó iṣẹ́ mi fún mi. Ẹ padà sí iye yín, kí n ná an bó ṣe yẹ kí n ná an."

Ọlọ́jà padà sí iye rẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Kílẹ̀ tó ṣú, iye wọn pàdé lójú ọ̀nà, níbi tó sún mọ́ ọ̀dọ̀ Ìyá Asáré ju ọ̀dọ̀ ọlọ́jà lọ, ó sì tún gba táyà kan lé e. Ọkùnrin náà máa ń sọ pé ọjọ́ yẹn lòun tó mọ ohun tí ìrọbí jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ti pẹ́ nínú Ìyá Asáré. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn kiri. Wọ́n ránṣẹ́ pè é lọ́jọ́ kan sí ilé kan lórí òkè. Kó tó wa kẹ̀kẹ́ dé orí òkè, ọmọ ti dé, ó sì ti ń mu ọmú ìyá rẹ̀. Bàbá ọmọ wo agbẹ̀bí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́nu ọ̀nà, àánú rẹ̀ ṣe é, ó sì sáré gbé àga fún un. Orí àga yẹn ló ti pinnu pé ọmọ kankan ò ní ṣáájú òun dé mọ́.

Ọkọ rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò tí gbogbo ayé ń pè ní Tíṣà, gbà pé ó yẹ kó ní ọkọ̀. Irú ọkọ̀ tó ń wá ni kò yé e.

"Ṣé kò sí ọkọ̀ oníjòkòó mẹ́rin láyé mọ́ ni?"

"Èmi nìkan ni mò ń lọ síbi iṣẹ́. Ta ni n óò gbé?"

"Èmi ńkọ́?"

"Ṣebí mo ní ìjókòó méjì ni."

Tíṣà ro ìṣirò yẹn títí, kò rí àṣìṣe nínú rẹ̀.

Mẹ́káníìkì àdúgbò ló sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún. "Ó kàn wù mí ni, ọmọ mi. Ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni."

Owó tó kọ́kọ́ tù jọ kò ju owó kẹ̀kẹ́ tuntun lọ. Gbogbo èèyàn ní kó ṣe sùúrù kí owó náà lè wú díẹ̀. Kò gbọ́. Ó rí ọkùnrin kan lókè àdúgbò tó fẹ́ ta ọkọ̀ asáré aláwọ̀ ewé, ojú ọkùnrin náà sì jọ ojú olóòótọ́.

"Mo fi dá yín lójú, Mọ́mì," ni ọkùnrin náà wí, "ọkọ̀ yìí ò ní fún yín ní wàhálà ẹ́ńjìnnì láéláé."

Wọ́n ná an, wọ́n sanwó. Ọkùnrin náà ní òun yóò bá wọn tì í títí dé ibi tí ọ̀nà ti dà sísàlẹ̀. Látibẹ̀, ó ń yí lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí dé iwájú ilé wọn, Ìyá Asáré sì ń yìn ín lójú ọ̀nà pé ọkọ̀ tó dákẹ́ tó báyìí ṣọ̀wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́káníìkì ṣí iwájú rẹ̀, ó bá koríko àti ìtẹ́ ẹyẹ níbẹ̀. Olóòótọ́ kò purọ́. Ibi tí kò bá ti sí ẹ́ńjìnnì, wàhálà ẹ́ńjìnnì ò lè sí níbẹ̀.

Ẹlòmíì ì bá fi ìtìjú pa á mọ́. Ìyá Asáré ní kí wọ́n tì í sábẹ́ igi lẹ́yìn ilé, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó sì fi ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò jókòó sínú rẹ̀, yóò máa yí jíà, yóò máa wo ẹ̀gbẹ́ kó tó yà. Tíṣà á gbé tíì jáde fún un.

"Ibo la dé báyìí?"

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá odò. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀, ọ̀nà ibí ò dáa."

Nígbà tó ṣe, owó ọwọ́ rẹ̀ tó owó alùpùpù. Mẹ́káníìkì ló mú dání lọ wo ọkọ̀ kejì lọ́tẹ̀ yìí, òun ló sì kọ́kọ́ ṣí iwájú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀, ó pé, ó sì ń dún bí ẹni tí wọ́n jẹ níyà.

"Nǹkan kan ló wà ńbẹ̀, Ìyá," ni mẹ́káníìkì wí. "Jíà ẹ̀yìn rẹ̀ ò wọlé. Á máa lọ síwájú, àmọ́ kò lè padà sẹ́yìn."

"Kí ni mo gbàgbé sẹ́yìn?" ni Ìyá Asáré wí, ó sì sanwó.

Ó wa ọkọ̀ yìí fún ọdún púpọ̀. Ó mọ gbogbo òpópónà tó já síta nínú ìlú. Wàhálà wà níbi àwọn òpópónà tí kò já síbì kankan, nítorí àwọn èèyàn ibẹ̀ náà ń bímọ. Tó bá ti gbẹ̀bí tán níbẹ̀, yóò fọwọ́, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì ké sí àwọn ará ilé.

"Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jáde wá. Àwọn obìnrin ti ṣe tiwọn nínú ilé."

Wọn yóò gbé ọkọ̀ náà nílẹ̀, wọn yóò yí imú rẹ̀ padà sọ́nà. Ó dé bi pé bí ọkùnrin àdúgbò bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé ìyàwó òun ti lóyún, àwọn tí yóò bá a gbé ọkọ̀ ló kọ́kọ́ ń wá.

Ọkọ̀ yìí ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ìdajì òkè, lọ́jọ́ tí ìyàwó mẹ́káníìkì ń rọbí. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó gbé àpò lé èjìká, ó fẹsẹ̀ rìn ín. Nígbà tó dé, ọmọ ti bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyá rẹ̀, mẹ́káníìkì sì dúró tì í pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún epo, kò mọ ibi tí yóò fi í sí. Ìyá Asáré kúnlẹ̀ ti obìnrin náà. Ó ṣiṣẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Màá bá yín tún un ṣe, Ìyá," ni mẹ́káníìkì wí. Ó ń sunkún. "Màá tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀."

"Rárá, ọmọ mi. O ti gbìyànjú lórí ẹ̀. Ó tó kí n lọ ra èyí tó ń dé ibi tó ń lọ."

Látọjọ́ náà, kò ra aṣọ, kò ra bàtà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba ìsinmi níbi iṣẹ́, òun ló ń bá a ṣiṣẹ́ fún owó. Ó ta ọkọ̀ ewé fún ẹnìkan tó fẹ́ máa sin adìyẹ nínú rẹ̀, ó sì fi dá a lójú pé kò ní fún un ní wàhálà ẹ́ńjìnnì láéláé. Báyìí ló ṣe dé àgbàlá ọlọ́jà, tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Ọkọ̀ pupa yìí kò dójú tì í. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ara ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà kan yí padà nígbà tó ń rọbí, ó sì di dandan kó dé ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n gbé e sí ìjókòó kejì. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń wá ibi tí òun yóò gbà wọlé, kò rí.

"Èèyàn méjì ló ń gbà, bàbá," ni Ìyá Asáré wí. "Ẹ máa sáré bọ̀. Ẹ máa ro orúkọ bẹ́ ẹ ṣe ń bọ̀."

Àwọn tó wà lójú pópó ní nǹkan pupa kan ló kọjá, àwọn sì rí funfun díẹ̀ nínú rẹ̀. Dókítà ní díẹ̀ báyìí ló kù kó pẹ́ jù. Nígbà tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi dé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ìyá yè, ọmọ yè. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ìyá Asáré gbá a lẹ́yìn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

"Ẹ gbìyànjú," ló wí fún un. "Ẹ̀yin lẹ gba ipò kejì."

Nígbà tó darúgbó, orúnkún rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú òun fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ kò rọrùn fún orúnkún bẹ́ẹ̀. Ìdí ló fi ń wọlé, yóò kọ́kọ́ já bọ́ sórí ìjókòó, yóò wá fọwọ́ gbé ẹsẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Jíjáde ló le. Tíṣà á di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, á fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

"Ẹ má tíì fà," ni agbẹ̀bí yóò wí látinú ọkọ̀. "Ẹ dúró kí n tì."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló sùn lórí àga nílé tí kò jí mọ́. Ilé kún. Oníkálukú ń sọ èyí tó mọ̀: ọlọ́jà sọ tirẹ̀, mẹ́káníìkì sọ tirẹ̀, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín wọn. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ rí.

Ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà ló wá jókòó tì í.

"Ọ̀rọ̀ yín ni Mọ́mì ń sọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn, sà," ló wí. "Wọn ò fẹ́ kí n sùn lọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Wọ́n ní gbogbo bẹ́ ẹ ṣe ń bú ọkọ̀ yẹn tó, ẹ̀yin lẹ máa ń fọ̀ ọ́ ní Sátidé. Wọ́n ní tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ á wò yíká, ẹ á rọra wọnú ẹ̀, ẹ á wá di ìdarí ẹ̀ mú."

Tíṣà gbé orí sókè. "Ó mọ̀?"

"Ojú fèrèsé ilé ìdáná ni wọ́n ti máa ń wò yín, sà. Wọ́n ní ẹ máa ń fi ẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì."

Èjìká Tíṣà kọ́kọ́ mì díẹ̀. Ẹ̀rín yẹn wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó pọ̀ débi pé àwọn tó wà ní ìta yọjú wò ó. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, omi náà kò sì tán níbẹ̀.

"Kò sọ fún mi rí," ló wí.

"Wọ́n ní bí àwọn bá sọ, ẹ ò ní ṣe é mọ́."

Tíṣà nu ojú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì kí àyè lè gbà á dáadáa.

"Fara balẹ̀ jókòó, ọmọ mi," ló wí. "Tún un sọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀."