Ogójì Ìṣẹ́jú ní Yàrá Ìfọṣọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò mi obìnrin fún yín, ẹni tí gbogbo ilé gíga kan ń pè ní Ìyá Afọṣọ. Òun ló ń bójú tó yàrá ìfọṣọ ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́rìnlá. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ọ̀kan sì wà nínú wọn tó máa ń rìn kúrò nídìí ògiri dé ẹnu ọ̀nà kó tó fún aṣọ tán. Ìyàwó mi ní irọ́ ni mò ń pa, pé ó kàn máa ń mì díẹ̀ ni. Kó lọ kọ tirẹ̀.

Ogójì ìṣẹ́jú ni ẹ̀rọ fi ń fọ aṣọ. Kò sẹ́ni tó ń kúrò nídìí tirẹ̀, torí tí o bá yísẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹlòmíràn á kó aṣọ rẹ sórí tábìlì, á ti tirẹ̀ bọ ibẹ̀. Nítorí náà wọ́n á jókòó. Ibi ìjókòó yẹn ni àbúrò mi ti ń ṣe iṣẹ́ Olúwa. Kì í lu agogo, kì í pariwo. Á máa lọ aṣọ, á máa bi èèyàn pé, "Ìyàwó ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?" Kí aṣọ tó mọ́, ẹni náà á ti sọ ohun tí kò sọ fún ìyá rẹ̀ rí, wọ́n á sì ti jọ gbàdúrà.

Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń ṣe é kí lẹ́tà tó dé. Ìgbìmọ̀ ìhìnrere ìjọ rẹ̀ ló kọ ọ́: kó palẹ̀ ẹrù mọ́ kí oṣù tó parí, kó máa lọ sí abúlé kan tó ní ilé mọ́kàndínlógún, torí pé kò sí ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Ti ìlú ńlá tí a wà yìí, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì ti wà. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ní máàpù kan lára ògiri. Ibi tó bá ti ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi ìńkì pupa sàmì sí i. Ìlú tí èrò rẹ̀ kò lóǹkà, àmì pupa kan. Abúlé ewúrẹ́ mẹ́ta, àmì pupa kan. Ó parí. Àbúrò mi kọ̀wé àlàyé lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní máàpù kì í parọ́.

Orí mi gbóná. Òun kò tilẹ̀ jà. Ó pe alága ìgbìmọ̀ lórí fóònù: "Bàbá, ẹ wá kí mi lọ́jọ́ Sátidé. Tí ẹ bá ṣì ní kí n lọ lẹ́yìn ìyẹn, màá lọ."

Mo mọ̀ ọ́n. Tó bá ní òun á lọ, á lọ. Mo gbé àga mi síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé. Ìròyìn àgbọ́sọ ò lè tẹ́ mi lọ́rùn.

Alága dé nínú kóòtù àti ṣòkòtò funfun. Bó ṣe wọlé báyìí, ẹnìkan tó ń sáré gbé tíì bọ̀ kọlù ú. Tíì ṣàn láti ọrùn dé orúnkún. Ife mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ fún yín, ṣùgbọ́n ife kan ni. Ó tóbi ṣá.

"Ẹ bọ́ wọn, bàbá," ni àbúrò mi wí. "Kíákíá, kó tó mú aṣọ."

"Kí n wá wọ kí ni?"

Ó na aṣọ ìbùsùn olódòdó kan sí i.

Bí alága ìgbìmọ̀ ìhìnrere ṣe jókòó nínú aṣọ ìbùsùn nìyẹn, ojúgun rẹ̀ méjèèjì síta, láàárín àwọn tó ń dúró de aṣọ wọn. Mo gbójú sókè kí n má baà rẹ́rìn-ín.

Ẹ wá wo èrò. Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì wọlé, nọ́ọ̀sì wọlé, tọkọtaya kan tí wọn ò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ nínú èdè wa náà wọlé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé alága ni.

"Bàbá, ṣé aṣọ kan ṣoṣo lẹ ní ni?" ni nọ́ọ̀sì bi í. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó máa dáa." Ó fún un ní bisikíìtì.

Bíríkìlà kan tí símẹ́ǹtì gbẹ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ wá jókòó tì í. Alága bi í ibi tó ti wá. Abúlé tí lẹ́tà dárúkọ gan-an ni bíríkìlà sọ. Díẹ̀ ló kù kí aṣọ ìbùsùn já bọ́.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wà ní ìlú yìí?"

"Nínú ilé yìí nìkan, mọ́kànlélọ́gọ́ta. Tiwa ni àjà keje."

"Ta ló wá kù sílé?"

"Àwọn ìyá wa, sà."

"Ta ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ Ọlọ́run?"

"Àwa ni. Ohun tí Ìyá Afọṣọ bá bá wa sọ lónìí, màá pe ìyá mi lọ́la, màá sọ ọ́ fún wọn. Alágídí ni wọ́n, wọn kì í gba ọ̀rọ̀ àlejò. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó ń yí fóònù yẹn ká ti di mọ́kànlá."

Ijó ni mo fẹ́ dìde jó, orúnkún ò gbà fún mi.

"Pè wọ́n," ni alága wí.

Ìyá náà gbé e. "Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, màámi. Bàbá kan fẹ́ kí yín."

"Bàbá wo? Kí lo ṣe fún un?"

Alága gba fóònù, ó kí wọn, ó béèrè ohun tí òun lè bá wọn gbàdúrà lé lórí.

"Eyín mi ni, àti kí ọmọ yẹn fẹ́ ìyàwó."

Bíríkìlà fọwọ́ bojú. Alága gbàdúrà lórí eyín, ó gbàdúrà lórí ìyàwó. Nígbà tí "Àmín" jáde látinú fóònù, ẹnu kan kọ́ ló ti wá. Mo gbọ́ ogún. Àbúrò mi ní mẹ́jọ ni.

Alága dá fóònù padà, ó ní kí àbúrò mi mú lẹ́tà wá, ó sì fà á ya sí mẹ́rin.

"Ẹ dúró síbí, ìyá," ó ní. "Ọ̀dọ̀ yín ni abúlé ń gbé. Àwọn abúlé yòókù tó wà lórí máàpù wa ńkọ́, ta ló mọ àjà tí wọ́n wà?"

"Tí aṣọ yín bá gbẹ, bàbá, a ó jọ lọ bi àwọn ará ilé láti àjà dé àjà."

Ta ló fẹ́ dúró de aṣọ? Èyí kì í ṣe àsọdùn: ó ká aṣọ ìbùsùn mọ́ra, ó mú bíríkìlà lọ́wọ́, wọ́n sì ń gun àtẹ̀gùn lọ.