Fáàfù tí Lásúnkànmí Rọ ní Ifọ̀

Ṣììì. Ṣììì. Bí ohùn yẹn bá ti ń dún lẹ́yìn ilé ìlagi Alájì Bùrẹ́ímọ̀ ní Ifọ̀, ọkàn Lásúnkànmí a balẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ń pe ohùn náà ní ariwo, òun ń pè é ní àlàáfíà. Ìgbà tí kò bá dún mọ́ ni kí ẹ bẹ̀rù, ẹ̀yin èèyàn mi, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní dún.

Fítà ni Lásúnkànmí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni gbogbo Ifọ̀ fi mọ̀ ọ́n. Kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ̀rọ ìlọta, ìbọn ọdẹ, ohunkóhun tó bá ní irin lára tó sì ti dẹnu kọlẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e bọ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ahọ́n rẹ̀ a yọ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, Ìyá Ládi ìyàwó rẹ̀ a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ahọ́n ló ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Kí ẹ tó gbọ́ bí ó ṣe rọ fáàfù, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ ná. Àbúrò rẹ̀ kan wà, Hàkímù, tó ń koná bọ́ílà nílé ìlagi kan ní Ìbàfò. Bọ́ílà yìí, ìkòkò irin ràgàjì ni. Wọ́n ń se omi nínú rẹ̀, ooru omi náà ló sì ń yí ayùn tó ń la gẹdú sí pákó. Ìkòkò tí a dé pa tí a sì ń koná sí nídìí gbọ́dọ̀ ní fáàfù, ìyẹn ọmọrí tí yóò ṣí fúnra rẹ̀ bí ooru bá ti pọ̀ jù. Fáàfù ti Ìbàfò máa ń jò díẹ̀díẹ̀ kí àsìkò tó yẹ kó ṣí tó tó. Ọ̀gá ibẹ̀ ní wọ́n ń fi igi ìdáná òun ṣòfò, ó ní kí wọ́n fi wáyà so ó pa. Wọ́n so ó pa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1951, ìkòkò náà bú gbàmù. Ohun tó ṣẹ́ kù lára Hàkímù kò kún àpò kan, Lásúnkànmí ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣà á.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Wúlẹ̀mọ̀tù, ìyàwó Hàkímù, jókòó ti Mùsáfírù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Lásúnkànmí dúró níwájú wọn, ó ní, "Ìyá Mùsá, mo búra fún ọ. Iná tó pa bàbá rẹ̀ kò ní pa ọmọ yìí."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Mùsáfírù ti di géńdé, ó ti gbéyàwó, iṣẹ́ wo ni ẹ rò pé ó rí ṣe? Ó lọ ń koná bọ́ílà fún Alájì Bùrẹ́ímọ̀. Lásúnkànmí bẹ̀ ẹ́, ó bá a jà, ọmọ náà kàn ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí Alájì fi ránṣẹ́ pe Lásúnkànmí, ó ní, "Fáàfù mi ń jò. Wá bá mi so ó."

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Lásúnkànmí ní, "Alájì, ẹ dákun, ẹ má ì so ó. Ẹ fún mi láyè, n ó rọ èyí tí kò ní jò, tí yóò sì ṣí lásìkò tó yẹ." Ó sọ ọ́ tán, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bà á, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọ́.

Ó wá ìmọ̀ náà kiri. Alágbẹ̀dẹ kan ní Owódé fi í rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ́ àti àdá lòun mọ̀ ní tòun. Lásúnkànmí ní kí wọ́n bá òun kọ lẹ́tà sí Èkó, wọ́n sì fi ìwé kan ránṣẹ́ padà, èdè Òyìnbó àti nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀. Ó gbé e lọ bá tíṣà kan ní Mowe. Tíṣà kà á, ó dùn létí bí omi tó ń ṣàn, àmọ́ nígbà tí Lásúnkànmí ní kó túmọ̀ rẹ̀, ọkùnrin náà họ orí. "Bàbá Ládi, Òyìnbó ibẹ̀ yé mi o. Irin ibẹ̀ ni kò yé mi." Níkẹyìn ni ẹnì kan sọ fún un pé Bàbá Bádéjọ wà ní Láfẹ́nwá, àgbàlagbà tó lo ọgbọ̀n ọdún nídìí ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta kó tó fẹ̀yìn tì.

Lásúnkànmí wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá gbọ́ ohun tó bá wá, ó mú ẹfun, ó tẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí yàwòrán sórí sìmẹ́ńtì.

"Fáàfù méjì ni, ọmọ mi, kì í ṣe ẹyọ kan. Ńlá kan, kékeré kan. Ooru bọ́ílà fúnra rẹ̀ la ó fi dé ńlá yẹn pa. A ó bù nínú ooru náà, a ó gbé e lé ńlá lẹ́yìn, ẹ̀yìn ńlá yóò sì fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Bí ooru bá ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Kò ní jò."

"Bàbá, ta ni yóò wá ṣí i?"

"Èyí kékeré. Òun ló ń ṣọ́ ooru. Bó bá ti tó iye tí o fi í sí, yóò yanu, yóò tú ooru tó wà lẹ́yìn ńlá síta. Ẹ̀yìn ńlá á fúyẹ́, á sì fò sókè. Èyí kékeré ló ń pàṣẹ." Ó tún fa ìlà kan. "Ihò tí ooru ń gbà dé ẹ̀yìn ńlá, jẹ́ kó tín-ín-rín ju ẹnu tí kékeré fi ń tú u síta lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bó ṣe ń tú ni yóò tún máa kún. Kí o sì fi omi tútù dán an wò kí o tó koná sí i. Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan, nípa ẹnu kékeré yẹn..."

Fèrè ọkọ̀ dún ní tẹ́ṣàn. Bàbá da ẹfun nù. "Sáré! Ọkọ̀ yìí ò mọ àgbà. Wàá padà wá gbọ́ ìyókù." Lásúnkànmí dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dìde, ó sáré lọ. Abéèrè kì í ṣìnà, lóòótọ́ ni. Ẹni tó béèrè dé ìdajì, tó wá ki eré mọ́lẹ̀ ńkọ́?

Oṣù mẹ́ta ló fi yọ́ idẹ, tó fi ń fá a, tó fi ń dán an wò. Ó fi ọ̀dà pupa sàmì sí ọgọ́rùn-ún lójú géèjì, aago tó ń wọn agbára ooru. Lọ́jọ́ tí wọ́n koná sí i, ọwọ́ géèjì gòkè dé àmì pupa, kékeré sín, ńlá sì bú ramúramù títí ooru fi wálẹ̀. Mùsáfírù gbé Lásúnkànmí sókè, ó ń jó yí ká. Alájì Bùrẹ́ímọ̀ yọ fìlà. Láti ọjọ́ náà lọ, ńlá kò jò rárá. Kékeré nìkan ló máa ń sunkún díẹ̀ bí ooru bá ti ń súnmọ́ àmì, ṣììì, ṣììì, tí omi gbígbóná ń kán lẹ́nu rẹ̀.

Kí omi yẹn má bàa jó Mùsáfírù, Lásúnkànmí fi páìpù gbé ẹnu kékeré gba ara ògiri jáde sẹ́yìn ilé, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìwọ̀n orúnkún. Àwọn obìnrin àdúgbò rí omi ọ̀fẹ́. Nígbà tí Hàfísátù ìyàwó Mùsáfírù bímọ, àràárọ̀ ni Wúlẹ̀mọ̀tù ń gbé garawa wá, kó lè rí omi gbígbóná fi wẹ ìyá ìkókó. "Bàbá Ládi," ó máa ń wí, "ẹ̀rọ yín yìí láàánú o." Inú Lásúnkànmí a dùn. Ó tilẹ̀ yí òkúta pẹrẹsẹ kan síbẹ̀ tí yóò máa gbé garawa lé. Lásúnkànmí! Ó ṣe é o!

Ọdún méjì kọjá, kò padà sí Láfẹ́nwá. Iṣẹ́ pọ̀, fáàfù sì ń ṣiṣẹ́, kí ló tún kù tí ó fẹ́ gbọ́? Nígbà ọyẹ́ ọdún 1956 ló tó ru iṣu márùn-ún lọ dúpẹ́. Bàbá Bádéjọ kí i, ó yẹ iṣu wò, ó ní, "Ẹnu kékeré yẹn, kí lo fi bò ó?"

"Bò ó kẹ̀, Bàbá?"

Ẹ̀rín tán lójú àgbàlagbà náà. "Ọ̀rọ̀ tó kù nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá fi nǹkan dí ẹnu yẹn, ooru kò ní rí ọ̀nà kúrò lẹ́yìn ńlá. Ńlá kò ní ṣí, àní kí bọ́ílà máa fà ya. Gbé e sókè kọjá ibi tí ọwọ́ èèyàn lè tó. Fi àwọ̀n irin bò ó."

Lásúnkànmí rántí pé láàárọ̀ àná, òun rí ṣùkù àgbàdo kan lórí òkúta pẹrẹsẹ yẹn, ó tutù rinrin, orí rẹ̀ kan sì ti fún pọ̀ bí ìdérí ìgò. Ó fi ẹsẹ̀ gbá a dànù nígbà náà, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.  Ó sáré lọ wọ ọkọ̀ láìdágbére fún Bàbá.

Ọkọ̀ dúró ní Wàsinmi, àwọn èèyàn ń di ẹrù, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ń làágùn nínú ọyẹ́. Yéè, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yìí gbéra! Nígbà tó sọ̀ ní Ifọ̀, ó tẹ́tí. Ó gbọ́ ayùn tó ń la gẹdú. Kò gbọ́ ṣììì.

Ó sáré gba ẹ̀yìn ilé. Ṣùkù àgbàdo ló wà lẹ́nu páìpù, ó wọlé ṣinṣin. Ó fò wọ inú ilé, ó wo géèjì. Ọwọ́ rẹ̀ ti kọjá àmì pupa, ó ti dé àádóje. Ara bọ́ílà ń dún kẹ́kẹ́kẹ́.

"Ẹ sá! Gbogbo yín, ẹ sá!"

Àwọn alagi fi ayùn sílẹ̀, wọ́n túká. Mùsáfírù ń bọ̀ wá ràn án lọ́wọ́. Lásúnkànmí kọjú sí i. "Ọwọ́ yìí ni mo fi ṣa bàbá rẹ! Sá!" Ọmọ náà sá.

Ó padà sẹ́yìn ilé, ó di ṣùkù mú, ó fà á. Ó kán mọ́ ọn lọ́wọ́, ìdajì rẹ̀ kù sínú. Ooru ti mú un wú. Ó mú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó kì í bọ páìpù, ó ń wa ṣùkù náà jáde, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà níwájú ẹnu páìpù gan-an nítorí kò sí ibòmíràn tó lè gbé e sí. Ó wà á lẹ́ẹ̀kan. Ó wà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó já, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Kò gbọ́ igbe ara rẹ̀, nítorí ńlá ti ń bú lókè, wọ́n gbọ́ ọ dé ọjà.

Kò sí ẹni tó kú. Ọsibítù ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti gé ọwọ́ ọ̀tún Lásúnkànmí láti ọrùn ọwọ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Wúlẹ̀mọ̀tù wọlé wá, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. 

"Bàbá Ládi, èmi ni. Omi ń ṣòfò, mo ní kí n dí i títí n ó fi padà wá. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá dí i, ó máa ń fò jáde fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni mo fi òkúta gbá a wọlé." Ó bú sẹ́kún. "Mo fẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ ara mi pa ọmọ mi. Èmi ni mo gé yín lọ́wọ́."

Lásúnkànmí wo bándéèjì tó wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀. Ó rántí òkúta pẹrẹsẹ, àti bí inú òun ṣe dùn lọ́jọ́ tí òun yí i síbẹ̀.

"Dìde, Ìyá Mùsá," ó ní. "Èmi ni mo gbé ẹnu kékeré yẹn síbi tí ọwọ́ rẹ tó o."